Báàsì, Bàtá àti Ẹni Tó Ni Ìlù: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Bill Laswell Nínú Sítúdíò

Lọ́dún 1983, Herbie Hancock, onídùùrù ọmọ Chicago, gbé àwo Future Shock jáde. Rockit ni orin tó ṣíwájú nínú rẹ̀, òun náà ló sì gbajúmọ̀ jù. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rántí orin yìí ni bí GrandMixer D.ST ṣe ń fi ọwọ́ fa rẹ́kọ́ọ̀dù síwá sẹ́yìn lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí etí rẹ̀ mọ ìlù yóò gbọ́ ohun mìíràn láàárín ẹ̀rọ ìlù àti kíbọ́ọ̀dù. Yóò gbọ́ bàtá. Daniel Ponce, onílù ọmọ Kúbà, ló lù ú. Bill Laswell ló ta gìtá báàsì orin náà, òun àti Michael Beinhorn ẹnìkejì rẹ̀ ni wọ́n sì jọ fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní sítúdíò.

Lọ́dún 1985, téèpù Fẹlá Aníkúlápó Kútì dé ọwọ́ Laswell yìí kan náà ní New York, nígbà tí Fẹlá fúnra rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà. Lọ́dún 1992, àwo Bahia Black jáde, òun ló darí rẹ̀, àwọn onílù Olodum láti Salvador ní Bràsíl sì wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta yìí ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò, nítorí pé nínú wọn ni ọwọ́ Laswell ti kan ìlù àti orin tó jẹ́ ti Yorùbá tàbí ti ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sókè òkun. Méjì dára. Ọ̀kan kò dára. Ọwọ́ kan náà ló ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, irú ẹ̀rọ kan náà ló sì lò, nítorí náà a kò lè di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ, a kò sì lè ní àìmọ̀ọ́ṣe ló fà á. Èrò mi ni pé ohun tó ya dáadáa sọ́tọ̀ kúrò lára àìdáa nínú iṣẹ́ yìí ni bóyá ẹni tó ni ìlù wà nítòsí, tó sì ní agbára láti kọ̀.

Ibi tó ti wá

Ọjọ́ kejìlá oṣù Kejì ọdún 1955 ni wọ́n bí Laswell ní Salem, ìpínlẹ̀ Illinois, ṣùgbọ́n Albion ní ìpínlẹ̀ Michigan ló ti dàgbà. Albion kò jìnnà sí Detroit, ìlú tí ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Motown ti gbé orin àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ká ayé, tí ẹgbẹ́ Funkadelic sì ti ń da orin ijó pọ̀ mọ́ ariwo gìtá. Gìtá lásán ló kọ́kọ́ mú dání kó tó yà sí báàsì, inú àwọn ẹgbẹ́ tó ń kọ fọ́ńkì ló sì ti gba ẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́ náà ṣe pàtàkì. Nínú fọ́ńkì, báàsì kì í tẹ̀ lé orin lẹ́yìn, òun ni orin ń tẹ̀ lé. Olórin lè ṣì ohùn kí àwùjọ má fura, ṣùgbọ́n bí oníbáàsì bá ṣì ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, oníjó yóò mọ̀ lára. Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀ á mọ iye àyè tó wà láàárín ohùn kan àti èkejì, á sì mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́.

Nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ ló dé New York. Giorgio Gomelsky, ẹni tó ti ṣe alákòóso Rolling Stones ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù, ń kó àwọn ọ̀dọ́ olórin jọ síbẹ̀ nígbà náà. Laswell wà lára àwọn tó bá Daevid Allen ṣe ẹgbẹ́ New York Gong, láti inú ìkójọpọ̀ yẹn sì ni òun àti Beinhorn ti dá ẹgbẹ́ Material sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ àgbàṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Nínú àwo tí Brian Eno àti David Byrne gbé jáde lọ́dún 1981, My Life in the Bush of Ghosts, tí wọ́n fi orúkọ ìwé Amos Tutùọlá ọdún 1954 sọ, Laswell ló ta báàsì orin tó ṣíwájú.

Iṣẹ́ àgbàṣe yìí ni ìdajì ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì yẹ ká mọ bó ṣe rí. Wọ́n á pe oníbáàsì wá síbi orin tí kì í ṣe tirẹ̀. Á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, á wá ibi tí orin náà ti ṣófo, á dí i, á gba owó rẹ̀, á sì lọ. Bó bá fi ara rẹ̀ ṣíwájú jù, wọn kò ní í pè é mọ́. Bó bá fà sẹ́yìn jù, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó wá. Ẹni tó bá ṣe irú iṣẹ́ yìí pẹ́ kò ní í gbọ́ orin bí olórin ṣe ń gbọ́ ọ. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbọ́. Nígbà tí Laswell kúrò ní oníbáàsì àgbàṣe, tó di ẹni tó ń darí ìgbàsílẹ̀, etí yìí kan náà ló gbé lọ. Mo rí i gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀ tó tóbi jù. Òun náà ló sì ṣì í lọ́nà nígbà tí ó kan Fẹlá.

Gìtá báàsì rẹ̀

Láàárín àwọn báàsì tí Laswell ń lò, èyí tó jẹ mọ́ ohùn rẹ̀ jù ni báàsì tí wọn kò to irin dábùú sí lọ́rùn. Irin yìí ló ń pín ọrùn gìtá sí ìpele ìpele, tó ń jẹ́ kí ohùn kọ̀ọ̀kan dúró sí àyè rẹ̀. Níbi tí kò bá sí irin, ìka ni yóò wá ohùn fúnra rẹ̀, ó sì lè yọ́ láti orí ohùn kan bọ́ sí òmíràn láìfò. Ẹni tó bá mọ bí dùndún ṣe ń sọ̀rọ̀ yóò rí ìdí tí irú báàsì yìí fi bá ìlù ilẹ̀ wa rẹ́. Onídùndún fún okùn awọ, ohùn gòkè. Ó dẹ̀ ẹ́, ohùn wálẹ̀. Gbogbo ohun tó wà láàárín òkè àti ilẹ̀ sì wúlò fún un. Báàsì Laswell ń rìn nínú àárín yẹn. Nínú ẹgbẹ́ Last Exit, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1986 pẹ̀lú Sonny Sharrock, Peter Brötzmann àti Ronald Shannon Jackson, báàsì olókùn mẹ́fà ló gbé, ó sì ń gba ohùn rẹ̀ kọjá nínú ẹ̀rọ tó ń mú un kùn bí ẹni pé agbada ń hó. Ní ibòmíràn, ohùn tútù tó nípọn ló ń wá, tí yóò ta ẹyọ kan, tí yóò sì jẹ́ kó kú tán kó tó ta òmíràn.

Ohun kan wà nípa báàsì tí gbogbo olùdarí ìgbàsílẹ̀ ayé rẹ́kọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ bá jìjàkadì, ó sì máa wúlò fún wa nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ Fẹlá. Okùn tó nípọn jù lára báàsì olókùn mẹ́rin ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí wọ́n bá ń gbẹ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ sára rẹ́kọ́ọ̀dù, ipa tí abẹ́rẹ́ máa tọ̀ á fẹ̀, á sì máa yà sọ́tùn-ún sósì. Bí báàsì bá ṣe pọ̀ tó ni àyè tí ìṣẹ́jú orin kọ̀ọ̀kan máa jẹ ṣe máa pọ̀ tó. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí orin rẹ̀ gùn lójú kan rẹ́kọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ din agbára báàsì kù, ẹni tó bá sì fẹ́ kí báàsì mi ilé ijó gbọ́dọ̀ gé orin kúrú. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn oníjó New York fi fẹ́ràn rẹ́kọ́ọ̀dù fífẹ̀ tó jẹ́ pé orin kan ṣoṣo ló wà lójú rẹ̀.

Inú sítúdíò

Sítúdíò tí Rockit ti bẹ̀rẹ̀ ń jẹ́ OAO, ní àdúgbò Gowanus ní Brooklyn, nínú ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ àtijọ́ kan. Laswell àti Martin Bisi, onímọ̀ ẹ̀rọ ohùn, ni wọ́n jọ dá a sílẹ̀, Brian Eno sì fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní àwọn ọdún 1990, sítúdíò Greenpoint, ní Brooklyn bákan náà, ló di ibùjókòó Laswell. Lẹ́yìn ìyẹn ló kó lọ sí West Orange ní New Jersey, níbi tí sítúdíò rẹ̀ ti ń jẹ́ Orange Music. Robert Musso ló wà nídìí ẹ̀rọ nínú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ṣe pàtàkì jù nínú irú sítúdíò bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà ni téèpù fífẹ̀ tó lè gba ọ̀pọ̀ ohùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àti míkísà tí wọ́n fi ń pò wọ́n. Lórí téèpù yìí, ohùn kọ̀ọ̀kan ní ojú ọ̀nà tirẹ̀: ìlù lọ́tọ̀, báàsì lọ́tọ̀, orin ẹnu lọ́tọ̀. Èyí túmọ̀ sí pé kò pọn dandan kí àwọn olórin pàdé. Onílù lè lu tirẹ̀ lónìí, kí onífèrè wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ẹnìkẹta sì ta tirẹ̀ ní ìlú mìíràn. Èkejì ni pé ẹni tó bá jókòó sídìí míkísà lè pa ohùn ẹnikẹ́ni kó sì tún jí i. King Tubby ní Kingston ní Jàmáíkà ni baba iṣẹ́ yìí, tí wọ́n ń pè ní dọ́ọ̀bù. Òun ló fi hàn pé míkísà náà jẹ́ ohun èlò orin: yóò yọ ẹnu olórin kúrò, yóò yọ gìtá kúrò, yóò fi báàsì àti ìlù nìkan sílẹ̀, yóò wá jẹ́ kí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà wá bí ohùn inú ihò àpáta. Oníbáàsì ni Laswell, kò sì sí orin tó bu ọlá fún oníbáàsì tó èyí. Ìlànà dọ́ọ̀bù ló di ìlànà iṣẹ́ rẹ̀: kí báàsì àti ìlù kọ́kọ́ dúró, kí wọ́n wá pe àwọn ẹlòmíràn wá lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì yọ ohun tí kò bá wúlò.

Ìlànà tó lágbára ni. Ó jẹ́ kí onílù Kúbà, onídùùrù Chicago àti ọmọ Bronx tó ń fa rẹ́kọ́ọ̀dù pàdé nínú orin kan láìsí ẹni tó fi èdè tirẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ wà nínú agbára rẹ̀: bọ́tìnnì tó ń pa ohùn àlejò lè pa ohùn onílé pẹ̀lú.

Bàtá nínú Rockit

Oberheim DMX ni ẹ̀rọ ìlù tó gbé Rockit. Ẹ̀rọ yìí kì í yára, kì í sì í falẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ní kó ti dún ló ti máa dún, títí iná yóò fi lọ. Ìlù tí ọwọ́ ènìyàn ń lù kò rí bẹ́ẹ̀, bàtá gan-an kò sì fẹ́ rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, onílù a máa gbé ìyá ìlù bàtá kọ́ ọrùn, tòun ti ṣaworo lára rẹ̀, á fi ọwọ́ lu ojú òjò, á sì fi bílálà na ṣáṣá. Ní Kúbà, àwọn ọmọ Lukumí, ìyẹn ìran Yorùbá tó wà níbẹ̀, jókòó, wọ́n gbé e lé itan, wọ́n sì ń fi ọwọ́ lásán lu ojú méjèèjì. Ṣùgbọ́n orúkọ iyá ṣì wà níbẹ̀, ṣaworo ṣì wà lára rẹ̀, Ṣàngó sì ṣì ń jó sí i. Daniel Ponce, tí wọ́n bí ní Havana, wà lára àwọn tó gba èbúté Mariel kúrò ní Kúbà lọ́dún 1980. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ wà nínú orin tí gbogbo ayé ń jó sí.

Ẹ fetí sí bí ó ṣe lù ú. Kò bá DMX du àyè. DMX gba ojú ẹsẹ̀, Ponce gba àárín ẹsẹ̀ kan sí èkejì. Níbi tí ẹ̀rọ ti gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ gan-an, bàtá á ti ṣáájú rẹ̀ díẹ̀ tàbí kó rọra tẹ̀ lé e, ohun tó sì mú kí orin tí ẹ̀rọ pọ̀ nínú rẹ̀ tó yẹn gbé ara nìyẹn. Báàsì Laswell wà láàárín àwọn méjèèjì, gbólóhùn kúkúrú kan ló sì ń tún sọ, kò ṣe àṣejù. Lẹ́yìn èyí ni D.ST fa rẹ́kọ́ọ̀dù lé e lórí. Ohùn tó fà jáde wá láti ara àwo Fab 5 Freddy tí wọ́n pè ní Change the Beat, tí ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Celluloid gbé jáde lọ́dún 1982, Laswell àti Material ni wọ́n sì ṣe é. Wọ́n wá gbé téèpù lọ fún Hancock ní Los Angeles, òun sì fi kíbọ́ọ̀dù lé e. Orin náà gba Grammy lọ́dún 1984.

Ẹnìkan lè bi mí pé: ṣé kì í ṣe àbùkù ni pé wọ́n mú ìlù Ṣàngó wá ṣe ọ̀ṣọ́ fún orin ijó? Mo ti rò ó dáadáa, mi ò sì rò bẹ́ẹ̀. Ponce kò sọ ọ̀rọ̀ òrìṣà nínú orin náà. Ẹni tó mọ bàtá ló yan ohun tó yẹ kó sọ ní irú ibi bẹ́ẹ̀ àti ohun tí kò yẹ. Kì í ṣe pé wọ́n ká ohùn rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí kò mọ̀, òun gan-an ló jókòó ti ìlù rẹ̀. Lọ́dún 1983 yẹn náà ni àwo tirẹ̀, New York Now!, jáde láti Celluloid. Orúkọ rẹ̀ ló wà níwájú àwo náà, ìlù sì ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Sítúdíò tó gba bàtá rẹ̀ fi ibi tó ti lè pàṣẹ sílẹ̀ fún un.

Téèpù Fẹlá

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1984, wọ́n mú Fẹlá ní pápákọ̀ òfurufú Èkó nígbà tó ń lọ sí Amẹ́ríkà pẹ̀lú ẹgbẹ́ Egypt 80. Wọ́n fẹ̀sùn owó ilẹ̀ òkèèrè kàn án, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ìjọba ológun sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún. Amnesty International kà á sí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé nítorí èrò ọkàn rẹ̀. Oṣù Kẹrin ọdún 1986 ló tó jáde. Láàárín àkókò yìí ni Celluloid fẹ́ gbé orin rẹ̀, Army Arrangement, jáde fún ọjà òkèèrè, wọ́n sì gbé téèpù fún Laswell kó tún un pò.

Bí Fẹlá ṣe ṣe orin náà, ó tó nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó sì kún ojú rẹ́kọ́ọ̀dù méjèèjì. Ẹ̀sùn ni orin yìí. Ó ń bi àwọn ológun àti olóṣèlú nípa owó epo bílíọ̀nù 2.8 náírà tí wọ́n ní ó pòórá. Gígùn rẹ̀ kì í ṣe àìmọ ìgbà tó yẹ kéèyàn dákẹ́. Nínú Afrobeat, ohun èlò á wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, báàsì á máa tún gbólóhùn kan ṣoṣo sọ, àwọn gìtá á ta kora, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á máa fọ́n, fèrè á gba orin lọ, dùùrù Fẹlá á máa já àwọn gbólóhùn gán-ín-gán-ín rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ẹnu yóò tó là. Nígbà náà, ara olùgbọ́ ti wà nínú orin, kò sì lè sá fún ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Laswell fetí sí i gẹ́gẹ́ bí oníbáàsì àgbàṣe, ó wá ibi tó ṣófo, ó sì dí i. Ó pe Bernie Worrell, àgbà onídùùrù Parliament-Funkadelic. Ó pe Sly Dunbar láti Jàmáíkà kó fi ìlù oníná kún un. Ó pe Aïyb Dieng, onílù ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà. Orin náà wá kúrú sí i, báàsì rẹ̀ wúwo sí i, ó sì mọ́ gaara. Bí a bá wọn ohun tí olórin kọ̀ọ̀kan ṣe lọ́tọ̀, kò sí èyí tí kò já fáfá. Dùùrù Worrell ń dán, ọwọ́ Dunbar kò sì yẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbé méjèèjì sún mọ́ra kí ẹ gbọ́ wọn. Ìlù oníná já lulẹ̀ sójú kan náà gbòlà gbòlà, ó sì bo ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti igi tí wọ́n ń lù mọ́ra, àwọn tó jẹ́ pé wọ́n ló ń sọ fún gbogbo Afrobeat ibi tí ẹsẹ̀ wà. Àyè tí Laswell rí bí òfìfo kò ṣófo. Àyè tí Fẹlá fi sílẹ̀ fún ara oníjó àti fún ìrònú ni. Gígé tí wọ́n gé orin náà kúrú mú ẹ̀sùn dé kó tó di pé ẹni tí wọ́n ń fi sùn mọ̀ pé àwọn wà ní kóòtù. Nígbà tí Fẹlá gbọ́ ọ, kò fara mọ́ ọn rárá, kò sì fi inú pamọ́. Èyí tí òun fúnra rẹ̀ pò ni àwọn tó ń tún iṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ padà sí.

Mo mọ ohun tí a lè fi gbè Laswell. Fẹlá wà lẹ́wọ̀n, ó ṣe pàtàkì kí ayé gbọ́ orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni rédíò Amẹ́ríkà kò ní í fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sílẹ̀ fún orin kan. Ọ̀ràn báàsì àti ojú rẹ́kọ́ọ̀dù tí mo ti ṣàlàyé náà wà níbẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ kí báàsì Egypt 80 mi ilé ijó New York gbọ́dọ̀ gé orin. Gbogbo èyí jóòótọ́. Síbẹ̀, wọ́n jẹ́ ìdí tó yẹ kí wọ́n gbé ka iwájú Fẹlá kí ó yàn. Bóyá ìbá ní kí wọ́n gé e. Bóyá ìbá ní kí wọ́n pín in sí àwo méjì. Ẹni tí ìjọba ti gba òmìnira lọ́wọ́ rẹ̀ lápá kan ni wọ́n tún gba ìpinnu orin lọ́wọ́ rẹ̀ lápá kejì, kódà bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọ̀rẹ́ ló ṣe é, pẹ̀lú ọkàn rere.

Salvador pàdé New York

Lọ́dún 1990, Laswell dá ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Axiom sílẹ̀ lábẹ́ ilé iṣẹ́ Island ti Chris Blackwell. Ibẹ̀ ni Bahia Black ti jáde. Ọdún 1979 ni wọ́n dá Olodum sílẹ̀ ní Pelourinho, àdúgbò tí wọ́n ti ń na àwọn baba ńlá wọn ní gbangba láyé ìgbà ẹrú, láti ara orúkọ Olódùmarè ni wọ́n sì ti fa orúkọ ẹgbẹ́ náà yọ. Ìlú Salvador kan náà ni ilé Kétu ti ń bọ òrìṣà títí di òní. Àwọn onílù yìí àti Carlinhos Brown, akọrin àti onílù ọmọ Salvador bákan náà, ni Laswell fi ṣe òpó àwo náà. Ẹ̀yìn wọn ló wá pe Herbie Hancock, Wayne Shorter, Henry Threadgill àti Worrell yẹn kan náà sí.

Ẹ wo ìyàtọ̀. Ọ̀pọ̀ onílù tó ń lù pa pọ̀ ni Olodum, kò sì sí ẹni tó máa lù wọ́n mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ. Laswell kò dán an wò. Níbi tí fèrè Shorter ti bá ìlù wọn pàdé, fèrè ló ń wá àyè, tó ń tọrọ gáfárà láti kọjá, ìlù kò sì kúrò lójú ọ̀nà fún un. Etí oníbáàsì rí i níhìn-ín pé kò sí ohun tó ṣófo, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Worrell tó dí àyè mọ́ Fẹlá lọ́wọ́ wá mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ ní Bahia, nítorí pé àwọn onílé wà nílé.

Ohun tó lè tako èrò mi

Àwo kan wà tó dà bí ẹni pé ó máa da ẹjọ́ mi nù. Lọ́dún 1998, Laswell gbé Panthalassa jáde, níbi tó ti tún orin tí Miles Davis gbà sílẹ̀ láàárín ọdún 1969 sí 1974 pò. Ọdún 1991 ni Miles kú. Kò sí nítòsí, kò sì lè kọ̀. Síbẹ̀ àwo náà dára lójú mi: ó na ìdákẹ́jẹ́ẹ́ In a Silent Way, ó sì gbé báàsì tó ti sin sábẹ́ ariwo jáde síta.

Ohun tó mú un yàtọ̀ ni bí Miles fúnra rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Láyé rẹ̀, àwọn olórin á ta fún ọ̀pọ̀ wákàtí, Teo Macero, olùdarí ìgbàsílẹ̀ rẹ̀, á wá fi abẹ gé téèpù, á lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ohun tí ayé mọ̀ sí In a Silent Way ti ọdún 1969 sì ti ọwọ́ gígé yìí wá. Miles mọ̀, ó fọwọ́ sí i, ó tún padà ṣe é léraléra. Ẹni tó bá tún gé irú orin bẹ́ẹ̀ ń tẹ̀ lé àṣà tí onílé dá sílẹ̀. Fẹlá kò fi abẹ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rí. Orí ìtàgé ló ti ń kọ orin rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bó bá sì ti gbà á sílẹ̀ tán, kì í sábà kọ ọ́ lórí ìtàgé mọ́. Gbogbo ohun tó fẹ́ kí orin náà jẹ́ ló wà lórí téèpù yẹn. Nítorí náà, òfin tí mo ń gbé kalẹ̀ gbòòrò díẹ̀: kí onílé wà níbẹ̀, tàbí kí ìwà onílé ti fi hàn pé ó gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìdájọ́

Bill Laswell jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí etí wọn ṣí sí ìlù aláwọ̀ dúdú jù lọ nínú àwọn olùdarí ìgbàsílẹ̀ ìran rẹ̀. Kì í ṣe olè. Ó sanwó, ó pe orúkọ, ó sì pe onílù wá jókòó. Àṣìṣe rẹ̀ lórí Army Arrangement wúlò fún wa nítorí pé ọ̀jáfáfá ló ṣe é, kì í ṣe òpè. Ó fi hàn pé ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìfẹ́ orin, bí wọ́n ti wù kí wọ́n pọ̀ tó, kò lè dípò ẹni tó mọ ìdí tí àyè kan fi ṣófo.

Ọ̀rọ̀ náà sì ti dé ẹnu ọ̀nà tiwa. Lónìí, ọ̀dọ́ tó ní kọ̀ǹpútà kan ní Èkó, Ìbàdàn tàbí Kútọnu lè rí ohùn bàtá àti dùndún tí wọ́n ti gé sí wẹ́wẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó sì fi kún orin rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Agbára tí Laswell ní lórí téèpù Fẹlá ti wà lọ́wọ́ gbogbo wa, ọmọ Yorùbá tó ń lò ó sì lè ṣi ìlù baba rẹ̀ gbọ́ bí àlejò ṣe ṣì í gbọ́. Ìjẹ́ ọmọ onílé nìkan kò tó. Ẹ̀ka ohùn tí wọ́n gé yẹn lè jẹ́ oríkì ẹnìkan, ó lè jẹ́ ìdajì òwe, ó lè jẹ́ ìpè tí a kì í lù fún ijó lásán, kọ̀ǹpútà kò sì ní í sọ fún wa. Onílù ló máa sọ ọ́. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe orin ní àkókò yìí kò le: ẹ pe onílù wá, ẹ má jẹ́ kó lọ nígbà tó bá lu tirẹ̀ tán, ẹ fún un ní àga nídìí míkísà nígbà tí ẹ bá ń pò ó, bó bá sì ní kí ẹ yọ nǹkan kan, ẹ yọ ọ́.